Ọ̀rọ̀ Kan, Báìtì Mọ́kànlá

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ kan, ká mú “ọ̀rọ̀” fúnra rẹ̀. Ọ tó ní àmì lábẹ́, tó tún ní àmì ohùn ìsàlẹ̀ lórí, r láàárín, ọ mìíràn tó dà bí ti àkọ́kọ́. Lójú àwa tí a lọ sílé-ìwé, lẹ́tà mẹ́ta ni. Kọ̀ǹpútà ò rí i bẹ́ẹ̀. Báìtì ló fi ń ka ohun gbogbo tí a bá tẹ̀ sínú rẹ̀, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan kò sì ju báìtì kan lọ. Ọ pẹ̀lú àmì abẹ́ rẹ̀ ń gba báìtì mẹ́ta. Àmì ohùn tó wà lórí rẹ̀ tún ń gba méjì. Ìyẹn márùn-ún. R gba ẹyọ kan, ọ kejì tún gba márùn-ún: 11 ni àròpọ̀ rẹ̀. Word, tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ohun kan náà, báìtì mẹ́rin péré ló gbà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kọ kóòdù fún ilé-iṣẹ́ kan ní Yábàá ló kọ́kọ́ fi èyí hàn mí, nílé wa n'Ìbàdàn, lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Mo ti bi í pé kí ló dé tí AI orí fóònù mi fi ń sọ Gẹ̀ẹ́sì geere, àmọ́ tí mo bá ti fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, á di akólòlò. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tẹ ọ̀rọ̀ náà, ó ní kí n wá ka iye báìtì tó wà níbẹ̀. “Bọ̀dá mi, ẹ wò ó,” ó ní, “èdè wa wúwo lórí rẹ̀.”

Gbólóhùn yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Bí mo bá ń ka ìròyìn nípa ibi tí iṣẹ́ ẹ̀rọ èdè, irú AI tó wà lórí fóònù mi yẹn, ń lọ, owó ni mo sábà máa ń bá pàdé níbẹ̀: ta ló kọ́ èyí tó tóbi jù, ta ló ra chip kọ̀ǹpútà tó pọ̀ jù, ilé-iṣẹ́ wo ló gba ipò kìíní lọ́sẹ̀ yìí. Fún àwa tí a ń sọ Yorùbá, mo gbà pé ibòmíràn lọ̀rọ̀ náà wà. Ohun tí ẹ̀rọ náà bá rí kà ní èdè wa, àmì tó wà lára rẹ̀, àti ẹni tó ni ohun tó kà, àwọn ni yóò sọ bóyá a ó jókòó sídìí oúnjẹ yìí, tàbí a ó kàn máa gbóòórùn rẹ̀ láti òde.

Kí n ṣàlàyé ibi tí ìwúwo náà ti ń wá, nítorí kò sí ẹni tó jókòó tó ní òun fẹ́ fìyà jẹ Yorùbá. Ẹ̀rọ èdè kì í ka ọ̀rọ̀ lódidi. Kó tó kà á, wọ́n á kọ́kọ́ gé e sí wẹ́wẹ́ bí ẹni ń gé iṣu àsáró, ègé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń pè ní tókìn. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi pọ́n ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé e, nítorí náà ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá wọ́pọ̀ sábà máa ń jẹ́ ègé kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ní àmì lórí, tó tún ní lábẹ́, a máa fọ́ sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Iye tókìn sì ni àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ wọn ṣe nǹkan. Òun náà ni wọ́n fi ń wọn bí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ lè fọkàn mú lẹ́ẹ̀kan ṣe lè gùn tó. Ní 2023, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Oxford gbé ọ̀pọ̀ èdè sórí òṣùwọ̀n kan náà, wọ́n sì rí i pé bí a bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan náà sí èdè méjì, tókìn ọ̀kan lè tó ìlọ́po 15 ti èkejì. Orevaoghene Ahia, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣèwádìí nígbà náà ní Yunifásítì Washington l'Amẹ́ríkà, ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan náà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè ni wọ́n fi ṣe àkọlé rẹ̀: ṣé iye kan náà ni gbogbo èdè ń náni?

Ẹ rò ó wò. Ọ̀dọ́ kan fẹ́ ṣe ohun tí àwọn àgbẹ̀ Òkè Ògùn á fi lè béèrè lórí fóònù, ní Yorùbá, ohun tó ń pa ewé ẹ̀gẹ́ wọn. Owó tí yóò máa san lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan yóò ju ti ẹni tó ṣe irú rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì fún àgbẹ̀ Kansas lọ, bẹ́ẹ̀ àgbẹ̀ Òkè Ògùn ni owó ọwọ́ rẹ̀ kéré. Ó ń bí mi nínú, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀.

Nǹkan kékeré kan tún wà tí ojú lásán ò lè rí. Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ayé ní nọ́ńbà, fún ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó fún ò náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan tó jẹ́ ti ọ̀ lódidi. Ẹnì kan lè tẹ ọ kó tó fi àmì ohùn lé e lórí. Ẹlòmíràn lè tẹ ò kó tó fi àmì sí i lábẹ́. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Lójú kọ̀ǹpútà, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àyàfi bí ẹni tó kó ọ̀rọ̀ náà jọ bá rántí sọ wọ́n di ọ̀kan. Àwọn ará wa ní Kétu àti Sakété, ní orílẹ̀-èdè Benin, tún ń kọ tiwọn lọ́nà mìíràn: ɔ̀rɔ̀ ni wọ́n ń kọ níbi tí a ti ń kọ ọ̀rọ̀, báìtì mẹ́sàn-án nìyẹn. Ìyá kan ló bí wa, ẹnu wa kò sì jìnnà síra, àmọ́ ẹ̀rọ á kà wá sí àjèjì ara wa.

Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ò tíì pẹ́ láyé. Ọdún 2017 ni àwọn èèyàn mẹ́jọ kan tí wọ́n bá Google ṣiṣẹ́ kọ ìwé nípa ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà wo gbogbo ọ̀rọ̀ inú gbólóhùn pa pọ̀, kó sì mọ èyí tó bá èyí tan. Wọ́n pe ọ̀nà náà ní Transformer, iṣẹ́ ògbufọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì sí èdè Jámánì àti Faransé ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi dán an wò. OpenAI, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, gbé GPT-3 jáde ní 2020, ẹ̀rọ èdè tí nọ́ńbà tó fi ń ṣírò nínú rẹ̀ tó bílíọ̀nù 175. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2022 ni ChatGPT, ẹ̀rọ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ wọn, bọ́ sọ́wọ́ gbogbo ayé.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan fi ẹ̀rọ èdè wé ọmọ awo tó ń kọ́ Ifá lẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀. Àfiwé náà ò tọ́, ó sì yẹ ká mọ ìdí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ki ẹsẹ Ifá fún ọmọ awo ló gbọ́dọ̀ kì í padà. Bó bá yí ọ̀rọ̀ kan, ọ̀gá á dá a dúró. Ẹ̀rọ èdè kò tọ́jú ẹsẹ kankan bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé kó wo ọ̀rọ̀ tó ti kọjá, kó sì méfò èyí tó kàn. Bí ohun tó ti kà bá pọ̀, ìméfò rẹ̀ a sún mọ́ òótọ́. Bí ohun tó ti kà bá kéré, ohùn kan náà tó fi ń sọ òótọ́ ni yóò fi parọ́, ojú rẹ̀ ò sì ní yí padà. Ní 2023, adájọ́ kan ní New York ní kí àwọn lọ́yà kan san owó ìtanràn 5,000 dọ́là, nítorí wọ́n kó ẹjọ́ tí kò ṣẹlẹ̀ rí wá síwájú rẹ̀, àwọn ẹjọ́ tí ChatGPT fúnra rẹ̀ hun. Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn o, èdè tó jẹ́ bí 93 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ọ̀rọ̀ tí GPT-3 kà. Kí la wá fẹ́ retí ní èdè tí ìpín tirẹ̀ kò tó èékánná?

Ìdáhùn tí àwọn olówó ń fún ìbéèrè yẹn ni pé kí a kọ́ èyí tó tóbi sí i. Ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní 2025, wọ́n kéde iṣẹ́ kan ní Washington tí wọ́n pè ní Stargate, tí OpenAI, SoftBank àti Oracle dà pọ̀ ṣe. Wọ́n ní àwọn lè ná tó bílíọ̀nù 500 dọ́là láàárín ọdún mẹ́rin lórí àwọn ilé tí kọ̀ǹpútà á kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Iná tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń jẹ ti di ọ̀rọ̀ tó ń ba àwọn ìjọba lẹ́rù. Àjọ IEA tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ agbára káàkiri ayé ṣírò rẹ̀ pé iná tí àwọn ilé kọ̀ǹpútà jẹ ní 2024 tó nǹkan bí ìdá kan àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún iná gbogbo ayé, ó sì lè ju ìlọ́po méjì lọ kó tó di 2030. Microsoft ti tọwọ́ bọ̀wé, ní oṣù kẹsàn-án 2024, láti máa ra iná fún 20 ọdún láti inú ẹ̀rọ amúnáwá Three Mile Island ní Pennsylvania, èyí tí wọ́n ti pa tì láti 2019. Mẹ́gáwọ́ọ̀tì 835 ni wọ́n ń retí níbẹ̀. Gbogbo Nàìjíríà, pẹ̀lú èèyàn tó lé ní igba mílíọ̀nù, bí ó bá rí mẹ́gáwọ́ọ̀tì 5,000 lórí wáyà ìjọba lọ́jọ́ kan, ọjọ́ tó dára ni. Iná ẹ̀rọ kan ṣoṣo fún ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́fà ohun tí gbogbo wa ń pín.

Mi ò rò pé ó yẹ ká sá eré ìje yẹn. Ẹni tó bá ń sọ fún ìjọba wa pé kó kọ́ irú rẹ̀ láti fi bá Amẹ́ríkà àti Ṣáínà díje kò fẹ́ràn wa, nígbà tí iná ò tó ilé ìwòsàn.

Àmọ́ ọ̀sẹ̀ kan ò pé lẹ́yìn ìkéde Stargate tí nǹkan mìíràn fi ṣẹlẹ̀. DeepSeek, ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Hangzhou ní Ṣáínà, ti gbé ẹ̀rọ èdè tirẹ̀ síta, ó sì fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kó wá gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Wọ́n ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìkẹyìn tí wọ́n fún ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́ ọ lé náni ní mílíọ̀nù 5.6 dọ́là. Iye yẹn kò ka gbogbo ìwádìí tó ṣáájú, kò sì ka owó chip tí wọ́n ti rà nílẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe gbogbo ìnáwó wọn. Síbẹ̀ ó tó láti da ọjà rú. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní yẹn, Nvidia tó ń ṣe chip pàdánù nǹkan bí bílíọ̀nù 600 dọ́là nínú iye tí ọjà ìpín ìdókòwò ń dá lé e, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Meta náà ti fi Llama, ẹ̀rọ èdè tirẹ̀, sílẹ̀ fún ará ìta ní 2023. Ìlẹ̀kùn tí mo rí tó ṣí sílẹ̀ fún wa nìyí: ẹlòmíràn ti san owó ńlá, ẹni tí owó rẹ̀ kéré lè gbé ẹ̀rọ náà, kó sì tún un kọ́ ní èdè tirẹ̀.

Àwọn kan ti gba ibẹ̀ wọlé. N-ATLaS, ẹ̀rọ èdè tí ìjọba Nàìjíríà ṣe pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Awarri, tí mínísítà Bọ́sún Tìjání ti kéde ètò rẹ̀ láti oṣù kẹrin 2024, jáde ní oṣù kẹsàn-án 2025. Orí Llama ni wọ́n kọ́ ọ lé, ó sì gbọ́ Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti Gẹ̀ẹ́sì bí ẹnu wa ṣe ń sọ ọ́. Àwọn mìíràn ò fẹ́ gun orí ẹ̀rọ ẹlòmíràn rárá, wọ́n kọ́ kékeré tiwọn láti ìpìlẹ̀. Ní 2021, Kelechi Ogueji àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Waterloo ní Kánádà ṣe AfriBERTa lórí èdè Áfíríkà 11, Yorùbá sì wà nínú wọn. Gbogbo ìwé tí ẹ̀rọ náà kà kò tó gígábáìtì kan, fíìmù kan lórí fóònù lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ ó bá àwọn tó tóbi jù ú lọ fẹsẹ̀ wọnsẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Lelapa AI ní Johannesburg. Ní 2024 ni wọ́n gbé InkubaLM jáde, tó gbọ́ Haúsá, Yorùbá, Swahili, Zulu àti Xhosa. Nọ́ńbà inú rẹ̀ kò tó ààbọ̀ bílíọ̀nù. GPT-3 ju ú lọ ní ìlọ́po tó lé ní 400. Inkuba ni àwọn Zulu ń pe yímíyímí. Ẹni tó bá ti dúró lójú ọ̀nà oko wo yímíyímí rí, tó rí ẹrù tó ń yí lọ, tó sì wo bí ara kòkòrò náà ṣe mọ, á mọ̀ pé àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Mo ń sọ nípa ẹ̀rọ, àmọ́ àwọn èèyàn ló wà lẹ́yìn wọn. Láti bí 2019 ni àwọn ọ̀dọ́ olùwádìí káàkiri Áfíríkà ti pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ orúkọ Masakhane, tó túmọ̀ ní èdè Zulu sí pé ẹ jẹ́ ká jọ kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ wọn ò gba owó lórí rẹ̀. Láti àárín wọn ni David Adélaní àti àwọn tó bá a ṣe é ti gbé MENYO-20k jáde ní 2021, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún gbólóhùn Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì tó bá ara wọn mu, láti inú ìròyìn, òwe, fíìmù àti ìwé oríṣiríṣi. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún lè dà bí èyí tó pọ̀. Ẹni tó bá ti jókòó fi àmì sórí ojú ìwé mẹ́wàá Yorùbá lọ́jọ́ kan ló mọ iye òru tó wà nínú rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ìbẹ̀rù tirẹ̀ lórí iṣẹ́. Ọ̀gá àgbà Google, Sundar Pichai, sọ ní oṣù kẹwàá 2024 pé ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin kóòdù tuntun ilé-iṣẹ́ náà lọ tó jẹ́ AI ló kọ́kọ́ kọ ọ́, kí èèyàn tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ náà ní àwọn iṣẹ́ kéékèèké tí òun fi kọ́ṣẹ́ nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Yábàá, ẹ̀rọ ló ń ṣe é báyìí. Ó ń ṣe kàyéfì ibi tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò ti kọ́ṣẹ́. Mi ò ní ìdáhùn tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé iṣẹ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni ní California kò lè bá wa ṣe, ó sì pọ̀ tó fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ tó gbọ́ Yorùbá dénú.

Ẹ wo ohun tí ẹ̀rọ rí kà ní Yorùbá. A kì í ṣe ará ìgbó nídìí ìwé kíkọ. Ní 1859 ni Ìwé Ìròyìn ti ń jáde l'Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tí a ti kọ láti ìgbà náà wà nínú bébà, nínú àpótí, nínú yàrá tí kòkòrò ń jẹ. Ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni Bíbélì, ìwé ẹ̀sìn, ìwé ìròyìn díẹ̀, BBC Yorùbá láti 2018, àti Wikipedia Yorùbá tí àkọlé inú rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 30, tí ọ̀pọ̀ wọn ò sì ju gbólóhùn méjì mẹ́ta lọ. Ní 2019, àwọn olùwádìí kan kó ọ̀rọ̀ jọ ní èdè tó lé ní 300 láti inú ìwé àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà. Wọ́n pè é ní JW300, ó sì di oúnjẹ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ògbufọ̀ Áfíríkà kí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ oníwèé tó mú kí wọ́n gbé e kúrò. Ẹ̀rọ tó bá jẹ́ ìwàásù nìkan ló ti kà, ẹ mú un lọ sí ọjà Bódìjà kó lọ nájà ata, ẹ ó gbọ́ ohun tí yóò sọ.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ àmì. Lórí Facebook àti WhatsApp, ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sí nǹkan kan, nítorí kíbọọ̀dù fóònù ò jẹ́ kó rọrùn. Àwa á mọ ohun tí a ń sọ, torí pé a mọ ọ̀rọ̀ tó yí i ká. Ẹ wá wo gbólóhùn tí nọ́ọ̀sì lè fi ránṣẹ́ sí aboyún: “Ma lo oogun yii.” Bí a bá kọ ọ́ dáadáa, “Máa lo oògùn yìí” lè ni, ó lè jẹ́ “Má lo oògùn yìí.” Ọ̀kan ní kó lò ó lójoojúmọ́, èkejì ní kó má fẹnu kàn án. Fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ló wà láàárín méjèèjì, àwọn èèyàn sì ń kọ “ma” fún méjèèjì nígbà gbogbo. “Oogun” náà, láìsí àmì, lè jẹ́ oògùn, ó lè jẹ́ òógùn tó ń jáde lára. Ẹ̀rọ tó ti ka mílíọ̀nù irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ yóò méfò. Lórí eré bọ́ọ̀lù, ẹ jẹ́ kó méfò. Lórí oògùn aboyún, ìméfò rẹ̀ lè pààyàn.

Àwọn tó rí ewu yìí kò jókòó. Iroro Orife ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti 2018 lórí ẹ̀rọ tó lè dá àmì padà sórí Yorùbá tí a kọ láìlámì. Kọ́lá Túbọ̀sún, tó dá ibi ìtọ́jú orúkọ Yorùbá sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2015, wà lára àwọn tó bá Tolúlọpẹ́ Ògúnrẹ̀mí kó ohùn jọ fún ÌròyìnSpeech: nǹkan bí wákàtí 42 tí àwọn èèyàn bí 80 kà sórí ẹ̀rọ. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, kò sí ọ̀nà àbùjá níbẹ̀. Kí ẹ̀rọ tó mọ bí a ti ń dá àmì padà, ó ti gbọ́dọ̀ rí Yorùbá tí ẹlòmíràn fi àmì sí bó ṣe yẹ.

Wákàtí 42 fún èdè tó ju 40 mílíọ̀nù èèyàn lọ tó ń sọ ọ́. Ẹ fi wé ti àwọn Māori ní New Zealand, tí gbogbo wọn ò tó mílíọ̀nù kan, tí púpọ̀ nínú wọn ò sì gbọ́ èdè bàbá wọn mọ́. Ilé-iṣẹ́ rédíò wọn kan, Te Hiku Media, ké sí àwọn ará ìlú ní 2018, láàárín ọjọ́ mẹ́wàá wọ́n rí ohùn tó ju 300 wákàtí lọ. Ilé-iṣẹ́ òkèèrè kan wá, ó ní òun á máa fi owó ra ohùn irú rẹ̀ ní wákàtí wákàtí. Te Hiku kọ̀. Wọ́n ní olùtọ́jú ni àwọn, àwọn ò ní ta ohùn àwọn baba ńlá àwọn fún ẹni tí yóò padà wá tà á fún àwọn. Wọ́n kọ ìwé-àṣẹ tiwọn, wọ́n sì kọ́ ẹ̀rọ tó ń gbọ́ èdè wọn fúnra wọn.

Ibí ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣèjọba wa dúró sí díẹ̀. Ìwé ìròyìn The New York Times ti gbé OpenAI àti Microsoft lọ sílé ẹjọ́ láti ìparí 2023 nítorí àwọn àpilẹ̀kọ rẹ̀ tí ẹ̀rọ kà láìgbàṣẹ. Àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá wa ò ní owó lọ́yà. Ní oṣù kìíní ọdún yẹn kan náà, ìwé ìròyìn Time fi hàn pé àwọn òṣìṣẹ́ kan ní Kẹ́ńyà, tí wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ ìríra láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀ kí ẹ̀rọ OpenAI lè dá a mọ̀, kò gba tó dọ́là méjì ní wákàtí kan. Bí a kò bá tètè sọ iye tí ohùn wa àti òye wa tó, irú owó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa gbé fún wa, a ó sì dúpẹ́. Àwọn amòfin kan ní Yunifásítì Pretoria ti kọ ìwé-àṣẹ kan tí wọ́n fi Ìgbò sọ lórúkọ, Nwulite Obodo. Ó gba àwọn tó wà ní ilẹ̀ Áfíríkà láyè láti lo ọ̀rọ̀ tí a kó jọ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó bá wá láti ilẹ̀ olówó gbọ́dọ̀ fún àwọn tó ni èdè ní nǹkan padà. Kò sí ìdí tí àwọn yunifásítì wa ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Èkó ò fi lè bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lọ́dún yìí.

Ohùn tí a nílò ti wà nílẹ̀. Láti 1959 ni tẹlifíṣọ̀n ti ń sọ̀rọ̀ n'Ìbàdàn, rédíò sì ti wà ṣáájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìlera, eré, ìjíròrò, ewì, ìkéde òkú: Yorùbá tí wọ́n sọ ní ìlú kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohùn tó pé. Mo ti wọ yàrá kan rí nílé-iṣẹ́ rédíò kan, ibẹ̀ ni mo ti bá àwọn téèpù ńlá lórí ara wọn, omi òrùlé ti kán sí èyí tó wà lókè, kò sì sí àkọsílẹ̀ ohun tó wà nínú èyíkéyìí. Akọ̀wé tó mú mi wọlé ní àwọn fẹ́ kó wọn dànù kí àyè lè wà fún jẹnẹrétọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́.

Ní oṣù tó kọjá, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ kí bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ní Mọ́kọ́lá. Ọmọ náà fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ẹ̀rọ kan tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ń kọ́, èyí tí yóò máa ka ìkìlọ̀ ìlera fún àwọn tí kò lè kàwé. Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀. Bàbá tẹ́tí, wọ́n ní kó tún un tẹ̀.

“Ó ní ká má lò ó,” wọ́n wí.

“Rárá, Bàbá. Máa ló fẹ́ sọ.”

“Mi ò gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ. Ohun tó sọ ni mo gbọ́.”

Wọ́n ní kó gbé fóònù náà sún mọ́ àwọn. Wọ́n mu omi, wọ́n wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú ohùn tí gbogbo Ìbàdàn fi ń jí ní àárọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. “Máa” wọn gùn, ó sì dúró. Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ sí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kò tíì sí ibẹ̀.

“Ẹ ṣe é,” wọ́n wí. “Kí ẹ sì kọ tèmi sí i.”

Ó ṣí ojú ìwé tuntun, ó tẹ orúkọ wọn, ó na fóònù náà sí wọn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bàbá yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún gbé e wọ̀. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n wá fi ìka kan lẹ́tà tó wà láàárín: àmì abẹ́ rẹ̀ ló kù.